Ìwọ̀ Abẹ́ Ọ̀dà

Àjà karùn-ún ni wọ́n fún wa ní Nuuk,
nínú ilé tó ga bí páálí ẹja tí wọ́n tò léra ní èbúté.
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ẹrù wa ṣì ń bá wa jẹun:
páálí kan ni tábìlì, páálí kan ni àga,
àwọn tó kù ń wò wá
bí ẹni tó wá sin owó tí kò fẹ́ lọ.

Oòrùn oṣù Kejìlá níbí, àlejò tí kì í bọ́ bàtà ni:
á kí wa lẹ́nu ọ̀nà,
kí a tó wá àga fún un, ó ti ré òkun kọjá.
Ìdí nìyí tí gbogbo fèrèsé ìlú fi ń gbé ìràwọ̀ kọ́ de Kérésìmesì,
ìràwọ̀ bébà, ó pupa bí ẹyín iná,
gílóòbù kan nínú ikùn rẹ̀.
Enok ìsàlẹ̀ ti gbé tirẹ̀ kọ́ láti àná.
Ti màmá Amalie lókè náà ti ń tàn.
Nivi fahọ́n kan àlàfo ẹnu rẹ̀, ó ní,
"Fèrèsé tiwa ti ká eyín bí i tèmi."

Mo tú páálí tí mo kọ *Ẹlẹgẹ́* sí lára.
Ìràwọ̀ ìyá mi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá,
lábẹ́ ìkòkò. Àwa náà la dì í bẹ́ẹ̀.
Ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ ojú omi:
apá kan nínú márùn-ún ti rún,
ó rọ̀ sílẹ̀ bí etí ajá tí wọ́n bá wí.

Mo pe ìyá mi ní abúlé.
Bibiane kì í ṣàánú nǹkan.
"Apá wo ló rún?"
"Ti òsì, ní ìsàlẹ̀."
"Èyí tí bàbá rẹ jókòó lé ní ọdún tí mo bí ọ nìyẹn.
Ó ti máa ń rún. Fi bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kéèkì lẹ̀ ẹ́.
Má sì sunkún sí i lára, gọ́ọ̀mù kò fẹ́ omi."

Ó lẹ̀. Ó wú díẹ̀, bí ìka tí òòlù bá.
Ó wá ku ibi tí a ó fi í kọ́ sí.
Ní ilé àtijọ́, pákó ni ògiri,
ìṣó bàbá mi ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi;
mi ò bi í rí ohun tó ń ṣe láti oṣù Kìíní dé oṣù Kọkànlá.
Níbí, kọnkéré. Inuuteq gbá ìṣó mẹ́ta,
mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ fún ògiri.
Ìwé onílé sì wà lára fíríìjì: *Ẹ má ṣe lu ihò.*
Ó wo ìwé, ó wo ògiri, ó wò mí,
ó lọ po kọfí.

Èmi ni mo gun àga,
mo ń fọwọ́ wá inú férémù fèrèsé bí ẹni ń wá eegun lára ẹja,
tí nǹkan fi gún mi ní ọmọńdinrín.
Kókó kékeré kan, ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀,
ọ̀dà lórí ọ̀dà, bóyá ayálégbé mẹ́rin, bóyá mẹ́fà.
Mo fi ọ̀bẹ ha á. Funfun ṣí, àwọ̀ ewé ṣí, àwọ̀ ìyeyè ṣí,
ìwọ̀ bàbà kan yọ imú jáde.

Ẹnìkan ti dúró lórí àga níbí rí,
ó nawọ́ bí mo ṣe nawọ́ yìí,
bóyá ọmọ kan di àga mú fún un,
bóyá kò sẹ́ni tó dì í mú.
Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.
Mo ní, ẹ kú ilé o.

A gbé e kọ́, a tan án. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí,
wáyà àti sẹ́lótéèpù:
ará ìta ni ìràwọ̀ fèrèsé ń kọjú sí.
Bẹ́ẹ̀ la wọ bàtà, a sọ̀ kalẹ̀, a bọ́ sínú yìnyín.

Fèrèsé rẹpẹtẹ, ìràwọ̀ rẹpẹtẹ,
wọ́n jọra bí ẹja inú àwọ̀n kan.
Mo kà á láti ìsàlẹ̀, mo ṣì í kà, mo tún un kà.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún rèé tí mo ti ń wọ ilé yìí,
mi ò mọ̀ ọ́n láti ìta.

Nivi ló nawọ́. Ó rẹ́rìn-ín, àlàfo ẹnu rẹ̀ hàn:
"Òun nìyẹn.
Èyí tó gbé etí kan sílẹ̀."